Ibi Tí Kejì Ń Dúró Sí Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fíríìjì

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi àti pálọ̀ ilé àwọn olórin, ògiri ọ̀hún kò sì nípọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí etí mi ti rí, kó lọ háyà ṣọ́ọ̀bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí bàbá ti ń kọrin, tí ìyá ń kọrin, tí àkọ́bí ń fọn fèrè, tí wọ́n sì ń fi orin béèrè iyọ̀ lọ́wọ́ ara wọn. Mi ò purọ́. Bàbá á jókòó sídìí oúnjẹ, á fi orin béèrè pé, "Iyọ̀ dà o?" Ìyá á gbè é láti kíṣìnì pé, "Ó ń bọ̀ o," fèrè á sì dá sí i láti yàrá. Kí iyọ̀ tó dé, oúnjẹ á ti tutù.

Inú ilé yẹn ni wọ́n bí Kejì sí. Àbígbẹ̀yìn ni, àmọ́ kì í ṣe ipò ọmọ kejì ló fún un lórúkọ yẹn. Ohùn kejì ló sọ ọ́ lórúkọ. Ẹgbẹ́ olórin ìdílé ni wọ́n. Bàbá Olórin ń ta gìtá, òun ló sì ń lé orin. Ìyàwó rẹ̀ ń gbe ohùn òkè. Àbúrò ìyàwó ló ń gbe ohùn kejì, ìyẹn ohùn abẹ́ tó máa ń ṣe fún orin ohun tí láínì, aṣọ tá a rán sínú, ń ṣe fún kóòtù: ẹnikẹ́ni kì í yìn ín, àmọ́ tí ò bá sí níbẹ̀, kóòtù á wó lé èèyàn léjìká. Àbúrò ìyàwó wá lọ́kọ, ó bá ọkọ lọ sí ìlú mìíràn, orin wọn sì di kóòtù tí kò ní láínì. Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyàwó Bàbá Olórin lóyún. Ẹ̀yin náà ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Lọ́jọ́ tí ọmọ dáyé, nọ́ọ̀sì ní kí bàbá wá wo ọmọ rẹ̀. Kò wo ojú, kò wo ọwọ́, ńṣe ló dẹ etí sí ẹkún. Ó ní, "Ohùn kejì wa ti dé."

Fíríìjì ògbólógbòó kan wà ní pálọ̀ wọn tó máa ń kùn láti àárọ̀ títí di alẹ́. Bàbá Olórin gbà pé kò sí ohun èlò orin tó mọ ohùn tó fíríìjì yẹn. Tí wọ́n bá fẹ́ dánra wò, gbogbo wọn á dákẹ́, wọ́n á fetí sí fíríìjì, ibẹ̀ ni wọ́n á ti mú ohùn. Tí iná bá lọ, ìdánrawò parí nìyẹn, torí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí orin ti bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbẹ́ fíríìjì yìí ni wọ́n fún Kejì láti kékeré. Á fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ohùn lè máa wọ̀ ọ́ lára. Bàbá á gbé ìka kan sókè, á ní, "Dúró dè mí." Á lé orin dé ibi tó fẹ́, á wá sọ ìka kalẹ̀, Kejì á gbè é. Kí ọmọ yẹn tó mọ a-b-d ló ti mọ "dúró dè mí."

Ó gbé àṣà náà dé ilé ìwé. Tí olùkọ́ bá bi í ní ìbéèrè, á dákẹ́, á máa wo ẹnu ọmọ tó jókòó tì í. Tí ọmọ yẹn bá ti lanu, Kejì á bá a dáhùn, á bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀rọ̀ kejì, pẹ̀lú ohùn tó rẹlẹ̀ díẹ̀. Olùkọ́ wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn nílé. Bàbá Olórin gbọ́ ẹjọ́ náà tán, ó ní, "Ṣé ohùn ẹ̀ bọ́ sí i ṣá?" Olùkọ́ kò wá mọ́.

Ọmọ náà dàgbà, ohùn náà bá a dàgbà. Mi ò ní fi bò, mo fẹ́ràn ohùn yẹn ju rédíò mi lọ. Ó jìn, ó sì gbóná. Tí mo bá ti gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ mi á rọ̀ lórí ẹ̀rọ, aṣọ oníbàárà á sì dúró títí orin á fi tán. Èmi ni mo ń rán aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, mo sì máa ń tẹ̀lé wọn lọ síbi ìgbéyàwó tí wọ́n bá ti ń ṣeré. Mo máa ń sọ pé mò ń lọ wo bí aṣọ ṣe rí lára wọn. Irọ́ ni, Kejì ni mò ń lọ gbọ́.

Àmọ́ Bàbá Olórin ni gbogbo ayé ń kí. Wọ́n á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n á kí ìyàwó rẹ̀, wọ́n á kí onífèrè, wọ́n á wá bi Kejì pé ṣé ó lè bá wọn gbé àga yẹn kúrò lọ́nà. Ó máa ń dùn ún. Ó jókòó tì mí lọ́jọ́ kan, ó ń bá mi já òwú lára aṣọ, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ̀gbẹ́ fíríìjì ni mo máa darúgbó sí ni?" 

Ibi ìgbéyàwó kan ni Màdáámú Oníhọ́ọ̀lù ti gbọ́ ọ. Obìnrin yìí ló ni họ́ọ̀lù tí àwọn olórin ti ń ṣeré nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Kì í rẹ́rìn-ín, ó sì mọ orin bí ẹni mọ ilé bàbá rẹ̀. Ó gba iwájú Bàbá Olórin kọjá, ó na ìka sí Kejì. "Ìwọ," ó ní, "wá kọ orin kan fún mi lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Ìwọ nìkan. Tó bá dùn mọ́ mi, ọjọ́ Ẹtì di tìẹ."

Nígbà tí wọ́n délé, Bàbá Olórin fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Kejì nìkan? Ta ló máa lé e fún un?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Kejì náà bá wọn rín in ní ohùn abẹ́. Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó fẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn lójú méjèèjì. Bàbá rẹ̀ rí i pé kò fi ṣeré, ó wá ní kó mú èyí tó bá wù ú nínú orin òun. Ó mú èyí tí gbogbo àdúgbò fi mọ Bàbá Olórin. Bàbá á béèrè pé, "Ta ló ń kanlẹ̀kùn mi láàárọ̀?" Elégbè á dáhùn pé, "Èmi ni o, èmi ni, ẹ ṣílẹ̀kùn." Bàbá á ní, "Kí lo mú wá lọ́wọ́ tó o fi ń kan án?" Elégbè á ní, "Ara mi ni mo mú wá, ẹ ṣílẹ̀kùn." Ọmọdé tó ń kọ́ ìrìn lójú pópó wa mọ̀ ọ́n.

Kejì dánra wò títí. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri, mo sì ń fọwọ́ sọ̀yà fún àwọn oníbàárà mi pé ẹ wá wo ohun tí ọmọ wa máa ṣe. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò rò ni pé kò sí bí èèyàn ṣe lè dá orin kọ nínú ilé yẹn. Kejì á fẹ̀yìn ti fíríìjì, á mú ohùn. Bàbá tó ń fá irùngbọ̀n ní balùwẹ̀ á ti lé orin, ìyá á gbe ohùn òkè láti kíṣìnì, ẹ̀gbọ́n á mú fèrè. Wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn ń dá sí i; ẹni tó ń mí kì í mọ̀ pé òun ń mí. Orin á dùn, wọ́n á yin Kejì. Òun fúnra ẹ̀ gbà pé òun ti mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Àwọn ará ilé rẹ̀ ti gba iṣẹ́ síbòmíràn tẹ́lẹ̀, wọ́n lọ ṣe é láìsí ohùn kejì, Bàbá sì ń kùn ju fíríìjì lọ. Èmi nìkan ni mo tẹ̀lé e. Ó gun orí pèpéle nínú aṣọ aláwọ̀ ewé tí mo rán fún un, ó rẹwà. Onígìtá họ́ọ̀lù ta gìtá dé ibi tó yẹ kí orin ti bẹ̀rẹ̀. Kejì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó káwọ́ síwájú, ó dákẹ́. Onígìtá rò pé ó gbàgbé, ó tún ta á yípo. Kejì ṣì ń rẹ́rìn-ín. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n rò pé ó ku ẹnì kan tó ń bọ̀.

Nígbà tó tó àkókò, ó la ẹnu, ohùn náà jáde, ó jìn, ó gbóná. "Èmi ni o, èmi ni, ẹ ṣílẹ̀kùn." Kò sì sẹ́ni tó béèrè. Ó tún dákẹ́, ó dúró dáadáa, ó ní, "Ara mi ni mo mú wá, ẹ ṣílẹ̀kùn." Ó dà bí ìgbà téèyàn jókòó ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tí a ò gbọ́ ẹni tó ń bá a sọ ọ́.

Mo rí ìgbà tó yé e. Ẹ̀rín wà lẹ́nu ẹ̀ síbẹ̀, àmọ́ ó ti kúrò lójú. Ó gbìyànjú kó lé e, ohùn kejì náà ló ń jáde. Ọkùnrin àgbàlagbà kan tó jókòó lápá ẹ̀yìn, àánú ọmọ náà ṣe é, ó bá a lé e. Ká tó wí, ká tó fọ̀, gbogbo họ́ọ̀lù ti ń lé orin, Kejì sì ń gbè wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́, ó dùn. Nígbà tó parí, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ara wọn.

Màdáámú Oníhọ́ọ̀lù bá wa lẹ́yìn pèpéle. Kejì ti ń sunkún. "Ohùn wà," ni Màdáámú wí. "Ṣùgbọ́n olórin ni mo pè, àwọn oníbàárà mi ló wá kọrin." Ó wo ọmọ náà títí. "Màá fún ẹ ní ọjọ́ Ẹtì kan sí i, ní ìparí oṣù. Mi ò ní fún ẹ ní òmíràn lẹ́yìn ẹ̀. Lọ kọ́ orin náà."

Bàbá Olórin gbọ́ ìròyìn, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo ń gbọ́ ọ láti ṣọ́ọ̀bù. "O ò mọ orin yẹn? Orin tí wọ́n fi rẹ̀ ọ́ lẹ́kún?"

"Bàbá," ni Kejì wí, "ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Apá èwo lẹ kọ́ mi níbẹ̀?"

Ẹ̀rín dá.  Lẹ́yìn náà ni Kejì bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ òun ní lílé. Bàbá ní rárá. Kejì bẹ̀ ẹ́ títí, bàbá fi àáké kọ́rí. "Tí o bá ń lé, ta ló máa gbè?" Ohun tó sọ nìyẹn, àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Kejì lọ bá ìyá rẹ̀. Ìyá ní kò le, kó fetí sílẹ̀. Ó la ẹnu, ohùn òkè ló jáde. Ó tún un ṣe, ohùn òkè náà ni. Ọ̀rọ̀ náà ya ìyá fúnra rẹ̀ lẹ́nu. "Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ bàbá rẹ," ó ní, "mi ò sọ ohun tó sọ rí. Ohun tó bá a mu ni mo máa ń sọ." Ti ẹ̀gbọ́n ò tiẹ̀ ṣe é béèrè, torí fèrè kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Bí Kejì ṣe wá jókòó sórí àpótí ní ṣọ́ọ̀bù mi nìyẹn. "Àǹtí, ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ́ mi."

Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ohùn mi. Nílé ìwé, wọ́n yọ mí nínú ẹgbẹ́ akọrin, wọ́n ní kí n máa bá wọn pín omi. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí kò rí epo fún ọdún kan dùn ún gbọ́ jù mí lọ. Àmọ́ ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo la ẹnu, mo lé orin Bàbá Olórin gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń gbọ́ ọ. Ajá tó sùn sẹ́nu ọ̀nà mi dìde, ó lọ sùn sí òdìkejì títì.

A ń ṣe é lọ́sàn-án nígbà tí oníbàárà ò bá sí. Ìṣòro Kejì ni pé tó bá ti gbọ́ ohùn ẹlòmíràn, ohùn tirẹ̀ á sá lọ sábẹ́ ẹ̀. Mo wá dá ọgbọ́n kan. Màá lé e fún un lẹ́ẹ̀kan, màá wá tẹ ẹ̀rọ kíkan kíkan kí ariwo bo gbogbo ibẹ̀, kó má baà gbọ́ ẹnikẹ́ni tó máa tẹ̀lé. Kò rọrùn fún un. Á kọ́ ìlà kan, á bọ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo ya aṣọ oníbàárà kan níbi tí mo ti ń tẹ ẹ̀rọ láìwo ọwọ́ mi.

Lọ́jọ́ kan, mo ń lé orin lọ́wọ́ ni mo gbọ́ kò, kò, kò.

"Ta ló ń kanlẹ̀kùn?" ni mo bi.

"Èmi ni. Ṣílẹ̀kùn."

Bàbá Olórin ló dúró níbẹ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ti fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, ọṣẹ ṣì wà ní ìkejì.

"Aránṣọ," ó ní, "kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Kò sí nǹkan kan o, Bàbá."

"Orin mi ńkọ́, kí ló fi ṣe ọ́? Mo ti ń fara dà á láti ìjelòó. Kì í gòkè níbi tí o ti ń gbé e gòkè yẹn. Ó máa ń sinmi ná." Ó ti wọlé, ó ti jókòó lé aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ó lé e bó ṣe yẹ, ó sì dùn, n kò ní jiyàn. Ó wá rántí pé Kejì wà níbẹ̀. Wọ́n wo ara wọn. "Ó yá, gbà á," ó ní.

Kejì gbà á. Ohùn kejì ni.

"Rárá. Má gbè mí. Ohun tí mo sọ ni kó o sọ." Ó tún un lé. Kejì tún un gbà, ó bọ́ sábẹ́. Bàbá nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. "Má tẹ̀lé mi, ọmọ yìí. Gba iwájú mi kọjá."

Ìrọ̀lẹ́ ti ń sún mọ́ kí ó tó ṣe é. Ìlà kan péré ni, ó sì lé e ní mímọ́.  Nígbà tí Kejì jáde lọ mu omi ni Bàbá kọjú sí mi. "Aránṣọ, ẹ̀rù ń bà mí. Lílé orin nìkan ni mo ní tí wọn ò ní nínú ilé yẹn. Tó bá ti mọ̀ ọ́n lé, tó bá sì lọ, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi mí ṣe?"

Èmi tí mo máa ń rí ẹ̀rín nínú gbogbo nǹkan, mi ò rí i níbẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ nu ọṣẹ ojú yín."  Lọ́jọ́ kejì, ó padà wá.

Ìparí oṣù, gbogbo ilé ló wá sí họ́ọ̀lù. Bàbá jókòó sẹ́yìn pátápátá, torí Kejì ti kìlọ̀ fún un. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má bá mi lé e. Ẹ bá mi pa ẹnu mọ́." Ó ní kò séwu. Ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, bóyá ìyẹn á ràn án lọ́wọ́.

Onígìtá bẹ̀rẹ̀. Kejì ò rẹ́rìn-ín, kò káwọ́ síwájú. Ó ní, "Ta ló ń kanlẹ̀kùn mi láàárọ̀?" Ara mi bù máṣọ. Òun ló lé e, ó lé e lókè, kò sì sí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀. Àdéhùn wọn ni pé gìtá ló máa ṣe ègbè. Ṣùgbọ́n kò sí bí a ó ṣe ṣe ebòlò tí kò ní rùn ìgbẹ́. Kí gìtá tó dáhùn, ohùn kan jáde láti ẹ̀yìn họ́ọ̀lù. "Èmi ni o, èmi ni, ẹ ṣílẹ̀kùn."

Bàbá Olórin ò gbe orin rí láyé rẹ̀. Ohùn rẹ̀ wá ibi tó máa bà sí, kò rí i. Àwọn èèyàn yíjú padà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kejì ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìka kan sókè sí bàbá rẹ̀, ó dúró títí họ́ọ̀lù fi pa rọ́rọ́. Ó lé e: "Kí lo mú wá lọ́wọ́ tó o fi ń kan án?" Ó wá sọ ìka kalẹ̀.

"Ara mi ni mo mú wá," ni bàbá wí, ohùn rẹ̀ sì fọ́ lágbede méjì. "Ẹ ṣílẹ̀kùn."

Mo sunkún níbẹ̀, inú mi sì dùn gan-an.

Ọjọ́ Ẹtì di ti Kejì. Wọ́n ní Màdáámú Oníhọ́ọ̀lù rẹ́rìn-ín lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò rí i, mi ò sì gbà á gbọ́. Láti ìgbà yẹn, Kejì ti kọrin dé ibi tí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ò lè gbé mi dé. Ó ti ṣe àwo orin, rédíò ń lò ó, àwọn àjèjì sì ń bi í pé kí ló dé tó fi ń jẹ́ Kejì nígbà tó jẹ́ pé òun ló máa ń wà níwájú. Ó ní kí wọ́n wá bi aránṣọ òun. Àmọ́ ilé yẹn náà ló ṣì ń padà sí, ìdílé rẹ̀ náà ló ṣì ń bá a ṣeré, ó ń lé, wọ́n ń gbè.

Fíríìjì àtijọ́ ti kú. Wọ́n ra tuntun, kò kùn, Bàbá ní kí wọ́n dá a padà, wọ́n sì wá kiri títí wọ́n fi rí àlòkù tó ń kùn. Bàbá ló ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ báyìí, ẹ̀yìn rẹ̀ á wà lára ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ náà ò tíì mọ́ ọn lára. Kejì á lé orin, bàbá á ti gbà á kó tó tó àkókò. Láàárọ̀ yìí, mo gbọ́ tó béèrè láti ẹ̀yìn ògiri pé, "Ṣé mo bọ́ sí i?"

"Ẹ ò tíì bọ́ sí i, Bàbá," ni Kejì wí. "Ẹ dúró dè mí."

Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, èmi náà dúró.